"Kò" Tó Sọnù Lójú-Ewé Kẹrìnlá

Suwaibat kọ̀, kò fi káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́tàdínlógójì ni yunifásítì kọ̀wé lé lọ́jọ́ Ajé, ọ́fíìsì ẹ̀ṣọ́ sì ni gbogbo wọn gbọ́dọ̀ ti dá káàdì padà kí wọ́n tó jáde ní géètì. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn kan ti wá. Wọ́n á ju káàdì sórí tábìlì, wọ́n á sì tètè yí ẹ̀yìn padà kí ẹnikẹ́ni má baà rí ojú wọn. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin yìí, tó wọ híjáàbù aláwọ̀ ewé, dúró gbagidi níwájú Ìbíjọkẹ́ Ògúnjìmí, ó di káàdì náà mọ́ àyà.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. N ò ní fi sílẹ̀."

Ìbíjọkẹ́ gbé ojú sókè. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe ọlọ́pàá, ogún nínú rẹ̀ ló sì lò ní ẹ̀ka ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́. Ìgbà tó fẹ̀yìntì ni Yunifásítì Ojú-Ọ̀sà, tó wà nítòsí Wharf Road ní Àpápá, ní kó wá ṣe olórí ẹ̀ṣọ́ àwọn. Ó mọ ojú ẹni tó ń purọ́, ó sì mọ ojú ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Ojú ọmọ yìí kò jọ ọ̀kankan nínú méjèèjì.

"Kí lorúkọ ẹ?"

"Suwaibat Hameed, mà. Ọdún kẹta, ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi. Èmi nìkan lobìnrin ní kíláàsì wa."

"Níbo lò ń gbé?"

"AJ, mà. Ní Boundary."

Ìbíjọkẹ́ rọra rẹ́rìn-ín. Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí òun náà sí. "Lẹ́tà yìí ní máàkì ẹ lọ sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ṣé irọ́ ni?"

"Òótọ́ ni. Ìyá mi ṣubú nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Snake Island, níbi tó ti máa ń lọ ra ẹja. Egungun ìbàdí ẹ̀ yẹ̀. Oṣù márùn-ún ni mo fi ń gbé e lọ gbé e bọ̀ láti ọsibítù. Mo fẹ̀lì, mà, n ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n òfin tuntun sọ pé wọn kò lè torí ìyẹn lé mi."

"Òfin tuntun yẹn gan-an ni wọ́n fi lé ẹ."

"Ohun tó mú mi wá nìyẹn." Ó fa ìwé pélébé kan yọ nínú báàgì. "Lóṣù tó kọjá, Ọ̀jọ̀gbọ́n Tèmítọ́lá wá bá àwọn òbí wa ṣèpàdé ní Ajégúnlẹ̀. Ó ka òfin náà sí wọn létí lédè Yorùbá. Ìyá mi wà níbẹ̀, ó sì gbọ́ ọ dáadáa: 'A kò lè lé akẹ́kọ̀ọ́ tí máàkì rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ lọ́dún kan ṣoṣo.' Títí tó fi délé ló ń tún un sọ. Ẹ wá wo èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá."

Ìbíjọkẹ́ ṣí i sí ojú-ewé kẹrìnlá. *A lè lé akẹ́kọ̀ọ́ tí máàkì rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ lọ́dún kan ṣoṣo.*

"'Kò' kan wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, mà," Suwaibat wí. "Ẹnìkan ti yọ ọ́."

Ìbíjọkẹ́ pa ìwé náà dé, ó sì dìde.

"Máa mú káàdì ẹ lọ sílé. Tí wọ́n bá bi ẹ́ ní géètì, ní èmi ni mo ní kó o mú un lọ."

*

Ọ̀jọ̀gbọ́n Tèmítọ́lá ni alága ìgbìmọ̀ tó kọ ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun náà. Obìnrin tó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún ni. Nígbà tí Ìbíjọkẹ́ wọlé bá a, ó ń wo àwọn tírélà tó tò sí Wharf Road láti ojú fèrèsé.

"Ọdún méjì la fi kọ ọ́, màdámù," ó wí. "A ka ìlànà yunifásítì bíi méjìlá. A bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀, a bá àwọn òbí sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá ní kí n mú ojú-ewé kan ṣoṣo tí mo lè fi yangàn níwájú ẹnikẹ́ni, ojú-ewé kẹrìnlá ni. Òun gan-an ni wọ́n bà jẹ́."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún Gíwá pé àṣìṣe ni?"

"Mo sọ fún un. Ó ní kí n fi ìwé tí a buwọ́ lù hàn òun. A ṣí àpótí Sẹ́nétì yunifásítì, a mú ìwé náà jáde. 'A lè lé e' ló wà níbẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ìbuwọ́lùwé mi sì wà nísàlẹ̀. Mo wò ó títí. Ọwọ́ mi ni."

"Ẹ̀yin lẹ buwọ́ lu 'a lè lé e'?"

"Lẹ́ẹ̀kan rí. Nínú àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́, bó ṣe wà nìyẹn. Mo buwọ́ lu ojú-ewé kọ̀ọ̀kan, mo pín in fún ọmọ Sẹ́nétì ọgbọ̀n. Wọ́n jiyàn lé e, a tún un kọ, a dìbò. 'A kò lè' ló borí, ìbò mọ́kàndínlógún sí mọ́kànlá."

"Àwọn ọmọ Sẹ́nétì ńkọ́? Ṣé wọn ò rántí ni?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n rín ẹ̀rín tí kò dé ojú. "Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà la yí gbólóhùn yẹn padà lọ́jọ́ náà. Àwọn kan rántí, ó ti dàrú mọ́ àwọn mìíràn lójú. Àwọn mọ́kànlá tó pàdánù kò sì kánjú àtirántí. Gíwá ní ìwé tí a buwọ́ lù ni òfin. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, Sẹ́nétì máa fi òǹtẹ̀ lu orúkọ àwọn ọmọ yẹn. Lẹ́yìn ìyẹn, wọn ò ní padà wọlé mọ́."

"Ta ni wọ́n wá ní ó ṣe é?"

"Ṣínà, ọmọkùnrin tó ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì Sẹ́nétì. Wọ́n ní ó ṣe àṣìṣe. Wọ́n ti dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́."

Ìbíjọkẹ́ fi ìka lu tábìlì. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, mo lè gba àṣìṣe kan gbọ́. Ṣùgbọ́n kí ti Gẹ̀ẹ́sì ṣe àṣìṣe, kí ti Yorùbá náà ṣe àṣìṣe, lójú-ewé kan náà, lórí ọ̀rọ̀ kan náà? Èyí kì í ṣe àṣìṣe. Ẹnìkan jókòó, ó sì fara balẹ̀ ṣe é ni."

*

Iwájú ilé wọn ní Ojo Road ni Ìbíjọkẹ́ ti bá Ṣínà. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Ó jókòó sórí àga, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó lọ̀ dáadáa, bí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́.

"Madam, I no do am," ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀. Ó dìde, ó tẹríba kí i. "Ẹ káàbọ̀, mà. Mo tẹ 'kò'. Ó wà nínú kọ̀ǹpútà mi dòní olónìí."

"Wọ́n ní o lè ti lọ tún un ṣe lẹ́yìn tí ariwo bẹ̀rẹ̀."

"Mo gbọ́. Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń tẹ̀wé fún wọn, mà. Ẹ lọ yẹ gbogbo ẹ̀ wò. Tí ẹ bá rí àmì ohùn kan ṣoṣo tó ṣìnà, kí wọ́n gba owó oṣù mi padà. Wọ́n wá ní èmi ni mo fo odindi ọ̀rọ̀!"

"Ti Gẹ̀ẹ́sì àti ti Yorùbá, ìwọ lo tẹ méjèèjì?"

"Èmi ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n fọwọ́ kọ ti Yorùbá sínú ìwé kan lẹ́yìn ìdìbò, ó gbé e fún mi, mo tẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ Fúráìdé ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo kó méjèèjì sínú àpòòwé láìtíì fi píìnì so wọ́n, mo gbé e sórí tábìlì níwájú ọ́fíìsì Sẹ́nétì. Awakọ̀ wá gbé e lọ fún atẹ̀wé ní Creek Road lọ́jọ́ Sátidé."

"Láti Fúráìdé sí Sátidé, ó wà lórí tábìlì ní gbangba?"

"Bẹ́ẹ̀ la ṣe máa ń ṣe é, mà."

"Ta lo rí nítòsí ẹ̀?"

Ṣínà lọ́ra. "N ò fẹ́ kó bá aláìṣẹ̀, bó ṣe bá mi. Ṣùgbọ́n mo rí Dókítà Diepreye. Nígbà tí mo ń lọ sílé, ó dúró ti tábìlì yẹn, ó sì pẹ́ níbẹ̀."

Ìbíjọkẹ́ mọ orúkọ náà. Gbogbo yunifásítì ló mọ̀ pé nínú àwọn mọ́kànlá tó dìbò lòdì sí ojú-ewé kẹrìnlá, ohùn Dókítà Diepreye ló ròkè jù.

*

Inú ilé ìkẹ́rù-sí àtijọ́ kan ní Creek Road ni ìtẹ̀wé náà wà. Ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti ti tírélà ojú títì dàpọ̀. Martins, ọmọ Wàrrí tó ni ibẹ̀, ń fi àkísà nu ọwọ́.

"Àwa ò gba fáìlì kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ ilé-ìwé yín, màdámù. Ìwé gangan la máa ń yà sórí ẹ̀rọ, bó ṣe rí la máa tẹ̀ ẹ́. Àwọn ọ̀gá yín ló ní ká máa ṣe bẹ́ẹ̀, kí atẹ̀wé má baà fọwọ́ kan ọ̀rọ̀."

"Ṣé ò ń ka Yorùbá?"

"Mo máa ń sọ ọ́ small small. Kíkà? Rárá o."

"Kó ìwé méjèèjì wá."

Ó kó wọn wá. Ti Gẹ̀ẹ́sì ni Ìbíjọkẹ́ kọ́kọ́ mú. Ó yọ píìnì tó so wọ́n, ó sì gbé ojú-ewé kọ̀ọ̀kan sókè sí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà. Ihò píìnì méjì-méjì ló wà lórí gbogbo wọn. Nígbà tó dé ojú-ewé kẹrìnlá, ó kà á: ihò mẹ́rin. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti fi píìnì so èyí pọ̀ mọ́ ìwé. Inú ìdì mìíràn ni ojú-ewé yìí ti wá.

Ó wá mú ti Yorùbá. Ìyẹn kò ní ihò mẹ́rin. Ihò méjì péré ni, bébà kan náà, lẹ́tà kan náà. Ó jókòó sórí páálí kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bí ọmọ tó ń kọ́ ìwé kíkà, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn. Ó ka òkè, ó ka àárín. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ó dúró.

*Bí àwọn òbí bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ, nwọn lè kọ̀wé sí ọ́fíìsì Sẹ́nétì.*

"Nwọn," Ìbíjọkẹ́ pè é jẹ́jẹ́.

"Kí ló ṣẹlẹ̀, mà?" Martins bèèrè.

"Kò sí nǹkan. Ta ló tún wá síbí láti ilé-ìwé wa lọ́jọ́ Sátidé yẹn?"

"Ọ̀gá kan, ẹ̀yà Ìjọ̀ ni. Dókítà Diepreye. Òun náà gbé àpòòwé wá."

Ìbíjọkẹ́ ní kó fi ìwé méjèèjì sínú ọ̀rá fún òun, ó sì buwọ́ lu ìwé pé òun ti gbà wọ́n.

*

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, ó dá Dókítà Diepreye lọ́nà ní èbúté, níbi tó ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi láti Snake Island. Ọkùnrin gíga ni, ó tó ẹni àádọ́ta ọdún, báàgì awọ ńlá sì wà léjìká rẹ̀.

"Mo ti ń retí yín," ó wí. "Gbogbo wọn ló ń fi ojú ọ̀daràn wò mí báyìí."

"Ẹ dúró ti àpòòwé yẹn lọ́jọ́ Fúráìdé. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé. Kí lẹ lọ ṣe?"

Ó ṣí báàgì, ó mú ìwé ìléwọ́ kan jáde, ó sì fi lé e lọ́wọ́. *Ẹ̀kọ́ ìṣírò àti físíìsì, ọ̀fẹ́, gbogbo Sátidé, ní Ajégúnlẹ̀, fún akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí iṣẹ́ bá fẹ́ bọ́ mọ́ lọ́wọ́.*

Ìbíjọkẹ́ kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Ẹ̀yin tí ẹ dìbò lòdì sí wọn?"

"Mo dìbò lòdì sí ìwé, n ò dìbò lòdì sí ọmọ!" Ó gbóhùn sókè, àwọn tó ń wọkọ̀ sì yíjú padà. "Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n á fún ọmọ ní ọdún kan, olùkọ́ kan á sì máa tọ́ ọ. Mo bi wọ́n ní gbangba: olùkọ́ wo? Kò sẹ́ni tó nawọ́. Ẹ fún ọmọ ní ọdún kan lófo, kí ló fẹ́ fi ṣe? Mo bá wọn jà lójúkojú, màdámù. Bí mo bá fẹ́ pa òfin kan, níwájú Sẹ́nétì ni n ó ti pa á."

"Ṣé ẹ máa ń kọ Yorùbá?"

"Mo lè fi Yorùbá bá yín jà dọ̀la. Kí n kọ ọ́ sílẹ̀? Àmì orí ẹ̀ nìkan á pa mí."

"Lọ́jọ́ Fúráìdé yẹn, kí lẹ ń dúró dè níwájú ọ́fíìsì Sẹ́nétì?"

"Alájì Gbàdàmọ́sí, olùtọ́jú ìwé Sẹ́nétì. Mo fẹ́ kó buwọ́ lu ìwé àṣẹ gbọ̀ngàn fún mi. Ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi dúró. Ó ní kí n má wọlé, òun ń tẹ nǹkan kan lọ́wọ́."

"Alájì ń tẹ̀wé fúnra ẹ̀?"

"Ó ya èmi náà lẹ́nu. Ọ̀gá tó ní Ṣínà."

Ìbíjọkẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti rìn lọ díẹ̀ kó tó yíjú padà. "Dókítà, ìwé ìléwọ́ yín yìí dáa púpọ̀."

*

"Ẹ ṣàlàyé 'nwọn' yìí fún mi," Ọ̀jọ̀gbọ́n Tèmítọ́lá wí. Àwọn méjèèjì ti ti ilẹ̀kùn mọ́rí.

"Bàbá mi ń ru ẹrù ní wọ́ọ̀fù," Ìbíjọkẹ́ dáhùn. "Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ ọlọ́pàá, ó máa ń kọ lẹ́tà sí mi lóṣooṣù. 'Nwọn ki ọ. Ẹnyin ọmọ wa. Yio dara.' Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wọn níléèwé, kí wọ́n tó yí àkọtọ́ padà ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Ṣé ẹ̀yin kọ 'nwọn' sínú ìwé tí ẹ gbé fún Ṣínà?"

"Láéláé! Wọn ò fi kọ́ mi rí."

"Wọn ò fi kọ́ Ṣínà náà. Diepreye kò kọ Yorùbá, Martins kò kà á. Ẹ gbọ́ bó ṣe lọ. Ti Gẹ̀ẹ́sì rọrùn fún ẹni yìí: àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ wà, ó ní 'a lè' nínú, ó sì ní ìbuwọ́lùwé yín. Ó fa ojú-ewé kan yọ, ó fi rọ́pò èyí tó wà níbẹ̀, ti atẹ̀wé àti ti inú àpótí. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìdìbò lẹ tó kọ ti Yorùbá. Kò ní àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ kankan. Ó di dandan kó tún odindi ojú-ewé náà tẹ̀, torí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó fẹ́ yọ. Ó ń wo iṣẹ́ Ṣínà, ó ń dà á kọ. Ojú ẹ̀ rí 'wọ́n', ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹ̀ tẹ èyí tó mọ́ ọn lára láti kékeré."

"Àgbàlagbà ni, nígbà náà."

"Ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Irú wọn pọ̀ níbí, ìyẹn nìkan kò tó. Ẹ sọ fún mi: ẹ̀dà ọgbọ̀n lẹ pín fún Sẹ́nétì. Mélòó ló padà?"

"Ọgbọ̀n. A gbà wọ́n padà kí a tó dìbò, kí ti àtijọ́ má baà dàrú mọ́ tuntun. Wọ́n ka wọ́n lójú mi, wọ́n sì buwọ́ lù ú pé àwọn máa sun wọ́n."

"Ta ló kà wọ́n?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n di tábìlì mú. "Alájì," ó wí. "Ah! Màdámù, Alájì kẹ̀? Èèyàn tó ti wà níbí láti ìgbà tí wọ́n dá ilé-ìwé yìí sílẹ̀?"

*

Alájì Mansur Gbàdàmọ́sí ni olùtọ́jú ìwé Sẹ́nétì. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni, ó ku oṣù mẹ́ta kó fẹ̀yìntì. Ọmọ onílẹ̀ ní Àpápá ni, kò sì sí ẹni tí kì í kí i tẹ̀ríbatẹ̀ríba nínú ọgbà náà. Ó wọ agbádá funfun, fìlà rẹ̀ wà lórí bó ṣe yẹ.

"Alájì, ẹ kú iṣẹ́, sà," Ìbíjọkẹ́ kúnlẹ̀ kí i. "Iṣẹ́ kékeré kan ni mo gbé wá. Mo ní láti kọ̀wé ìkéde sí àwọn òbí Ajégúnlẹ̀ lónìí lédè Yorùbá, Ṣínà kò sì sí. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé ọwọ́ yín dáa."

Inú Alájì dùn. Ó fa bébà sún mọ́ra, ó ṣí gègé oníyíǹkì rẹ̀. "Máa wí."

"Ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n, yunifásítì yóò bá yín ṣèpàdé lọ́jọ́ Sátidé. Àwọn olùkọ́ yóò wà níbẹ̀, wọn yóò sì dáhùn ìbéèrè yín."

Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́tà rẹ̀ dọ́gba, ó rẹwà lójú. Ìbíjọkẹ́ gbà á. *Ẹnyin obi wa ọ̀wọ́n, yunifasiti yio ba nyin ṣe ipade...* Ó wò ó dé ìparí. *...nwọn yio si dahun ibere nyin.*

Ó gbé ojú-ewé kẹrìnlá sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ó sì fi ìka tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Alájì wo méjèèjì. "Gbogbo àgbà ìlú yìí ló ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Òótọ́ ni, sà. Ìdí nìyẹn tí n ò fi wá lánàá." Ó gbé ojú-ewé Gẹ̀ẹ́sì jáde. "Èyí ní ihò píìnì mẹ́rin. Inú ọgbọ̀n ẹ̀dà tí ẹ buwọ́ lù pé ẹ máa sun ló ti wá. Tí ẹ bá ti sun wọ́n, sà, báwo ló ṣe jí dìde?"

Alájì fi ìdérí dé gègé rẹ̀.

"Lọ́jọ́ Fúráìdé, Dókítà Diepreye dúró fún ogójì ìṣẹ́jú lẹ́nu ọ̀nà yín. Kí lẹ ń tẹ̀?"

Alájì yọ awò ojú rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò bẹ̀bẹ̀.

"Ọdún mélòó lo rò pé mo fi gba ìwé ẹ̀rí mi? Mọ́kànlá. Bàbá mi kú nígbà tí mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì. Mo fẹ̀lì, wọ́n lé mi. Ọdún márùn-ún ni mo fi ru ẹrù ní wọ́ọ̀fù, èmi ọmọ onílẹ̀! Mo tún ìdánwò ìwọlé ṣe, mo bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Kò sẹ́ni tó fún mi ní ọdún kan. Nígbà tí wọ́n dá ilé-ìwé yìí sílẹ̀, èmi ni mo fi gègé yìí kọ orúkọ sórí ìwé ẹ̀rí àwọn tó kọ́kọ́ jáde. Mo mọ iye tó tó. Ẹ wá fẹ́ máa fi kẹ́ àwọn ọmọ tó fẹ̀lì."

"Ọmọ kan wà nínú wọn, sà, tó ń gbé ìyá ẹ̀ lọ sọ́sibítù fún oṣù márùn-ún. Kò tọrọ máàkì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọdún kan ló fẹ́. Bí wọ́n bá fún yín ní ọdún kan yẹn nígbà náà, ṣé ìwé ẹ̀rí yín ò ní níyì ni?"

Alájì wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tó wà lórí tábìlì.

"Ǹ bá má ru ẹrù," ó wí.

"Ṣínà ńkọ́, Alájì? Kí ni tiẹ̀ mọ́ ọn?"

Ìbéèrè yẹn ló wọ̀ ọ́ lára jù. Ó fi ọwọ́ bo ojú. "Mo rò pé wọ́n á kàn bá a wí. N ò mọ̀ pé wọ́n á dá a dúró. Nígbà tí wọ́n sì dá a dúró, n kò ní ọkàn láti lanu."

"Lọ́la níwájú Sẹ́nétì, ṣé ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́ ni, tàbí èmi?"

Ó tún awò ojú wọ̀, ó sì jókòó dáadáa. "Èmi ni. Ẹnikẹ́ni kò ní bá mi ka ẹ̀ṣẹ̀ mi."

*

Ó sọ ọ́ lóòótọ́. Ní aago méjì ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, níwájú Gíwá àti gbogbo Sẹ́nétì, Alájì Gbàdàmọ́sí dìde, ó sọ ohun tó ṣe láìfi ohunkóhun pamọ́, ó sì kó kọ́kọ́rọ́ àpótí Sẹ́nétì sílẹ̀. Wọ́n ní ìgbìmọ̀ ìbáwí yóò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, ètò ìdágbére tí wọ́n ń múra sílẹ̀ fún un kò sì ní wáyé mọ́. Ó tẹ́wọ́ gba gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà, Gíwá pàṣẹ pé kí wọ́n ya gbogbo ìwé tí wọ́n ti tẹ̀, kí wọ́n sì fagi lé lẹ́tà mẹ́tàdínlógójì náà.

Ṣínà wà níbẹ̀, nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun mìíràn. Gíwá ní kó padà sẹ́nu iṣẹ́, pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ó dúró síbẹ̀.

"Sà, ẹ kọ ọ́ sára pátákó pé èmi ni mo ṣe àṣìṣe. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló kà á. Mo fẹ́ kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ náà pé èmi kọ́."

Gíwá wò ó, ó sì mú bébà, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ lójú gbogbo wọn, ó tọrọ àforíjì nínú rẹ̀, ó sì buwọ́ lù ú. Ṣínà gbà á. Ó kà á tán, ó mú bíírò, ó rọra fi àmì ohùn kan tí Gíwá gbàgbé sí i. Ọ̀jọ̀gbọ́n Tèmítọ́lá ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, àwọn yòókù sì tẹ̀lé e.

Gíwá bèèrè pé ta ni yóò jẹ́ olùkọ́ tí yóò máa tọ́ àwọn ọmọ náà fún ọdún kan. Ọwọ́ kan nà sókè lẹ́yìn. Ti Dókítà Diepreye ni.

"N ò tíì gbà pé ìwé yẹn dáa tó," ó wí. "Ṣùgbọ́n ẹ kọ orúkọ mi."

Lọ́jọ́ Sátidé, gbọ̀ngàn Ajégúnlẹ̀ kún dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn ọmọ náà wá, àwọn òbí wọn tẹ̀lé wọn, àwọn aládùúgbò tí kò mọ ohun tó ń lọ náà yọjú láti fèrèsé. Dókítà Diepreye kọ ìṣírò kan sára pátákó, nípa ìwúwo ọkọ̀ ojú omi, ó gùn láti òkè dé ilẹ̀. Ó bèèrè ẹni tó lè ṣe é. Kò sẹ́ni tó mira.

Suwaibat dìde. Ó gba ṣọ́ọ̀kì. Ó kọ ìlà méjì, ó pa ọ̀kan rẹ́, ó tún un kọ, ó ń lọ ní tirẹ̀ láìwo ẹ̀yìn. Nígbà tó fa ìlà sábẹ́ èsì, Dókítà Diepreye wò ó pẹ́, ó sì mi orí pé ó tọ̀nà.

Ìbíjọkẹ́ dúró sẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin kan tó fi ọ̀pá gbé ara ró, tí òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀ nítorí ìdúró. Ìbíjọkẹ́ fẹ́ wá àga fún un, ó kọ̀. Ó na ọrùn kó lè rí iwájú dáadáa. Ó wá yíjú sí Ìbíjọkẹ́, tí kò mọ̀ rí.

"Ẹ rí èyí tó dúró síwájú yẹn?" ó wí. "Èmi ni mo bí i."